Òdòdó Kálà Ìyá Ìyàwó Mi

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti fẹ́ ọmọ ìyá yìí, kò pè mí ní ọmọ rẹ̀ rí. "Onígbàjámọ̀" ló ń pè mí, àfi bí ẹni pé orí ló gbé wá kí n fá. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ni, ó sì gbà pé ẹni tó jẹ́ pé gígé niṣẹ́ rẹ̀ kò lè tọ́jú nǹkan kan kó yè.

Nígbà tó fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ kejì, ó gbé ìkòkò òdòdó kálà rẹ̀ wá sí pálọ̀ wa. Òdòdó funfun tó ká bí àrọ ni, ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló rà á fún un.

"Onígbàjámọ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kí o gbé e sí, kí oòrùn má jó o. Bí ojú iyẹ̀pẹ̀ bá gbẹ, bomi rin ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo máa lò. Tí mo bá dé tí mo bá a láàyè, màá mọ̀ pé ọmọ mi ò fẹ́ igi lásán."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di oṣù mẹ́ta. Inú mi kọ́kọ́ dùn sí iṣẹ́ náà. Láràárọ̀ ni mò ń ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ bíi dókítà. Mo tiẹ̀ ń kí òdòdó ọ̀hún, "Ẹ káàárọ̀ mà," torí ó jọ ìyá náà gan-an: ọrùn gígùn, kì í rẹ́rìn-ín.

Ṣàdédé ni òdòdó rọ, tí ewé pọ́n, tí gbogbo rẹ̀ sì wó lulẹ̀. Mo bú u, mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ìgbà tí mo hú u, iṣu kékeré kan ló kù. Mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo tì í sínú dúrọ́ọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, láàárín àwọn abẹ tó ti kú. Mo bá ra kálà oníke, mo gún un mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Kí ìyàwó mi má baà fura, mò ń bomi rin ike láràárọ̀. Ó tún ń yìn mí!

Ìyá dé, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ṣé wọn ò lè fi ìwọ̀nba bàìbàì sílẹ̀ ni? Kò tíì jókòó tó fi ní:

"Onígbàjámọ̀, ó yẹ kí òdòdó yìí ti sùn láti oṣù tó kọjá. Bó bá ti tanná tán, ewé rẹ̀ á gbẹ, a ò ní bomi rin ín mọ́, iṣu rẹ̀ la máa ń tọ́jú síbi tó gbẹ, tó ṣókùnkùn. Èwo lèyí tó ń wò mí ràn-ìn?" Ó fi èékánná ta ewé. Ó dún kọ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ á bá a. Tèmi ò pé oṣù méjì. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù, tí mo gbé ìwé ìròyìn náà wá.

Ó tú u, ó fi àtàńpàkò tẹ iṣu náà wò. Ó le dáadáa, ó sì ti ń ta èèhù.

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Irọ́ ti dé ètè mi, mo gbé e mì. "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà. Mo rò pé ó ti kú ni. Mi ò kàn lè da nǹkan tí Bàbá rà fún yín sórí ààtàn."

Ó nu ojú tí dókítà ní kó má fọwọ́ kàn.

"Ọmọ mi," ló wá wí, "òpùrọ́ paraku ni ẹ́."

Ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ nìkan ni mo gbọ́.