Àlejò Tí Iléèwé Rán Wá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ka èyí, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn yín. Bí ẹnì kan bá dúró níbẹ̀, ẹ pa ìwé yìí dé. Bẹ́ ẹ bá sì kà á tán, ẹ má bi mí pé àdúgbò wo ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò sì kàwé púpọ̀. Ibi tí mo bá ti ṣìṣe, ẹ fojú fò ó.

Ṣúmékà ni mí. Yàrá méjì la háyà. Ìyá ọmọ mi ti di olóògbé, ó ku èmi, ọmọ mi obìnrin tó wà ní kíláàsì kẹrin, àti... ó dáa, màá sọ ọ́. Àbúrò mi ọkùnrin wà níyàrá ẹ̀yìn. Wárápá ń ṣe é. Àwọn nọ́ọ̀sì ní kì í ranni. Lọ́sàn-án, mo gbà wọ́n gbọ́. Lóru, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fún Bàbá Onílé? Ojú wa ló ṣe nígbà tó lé ayálégbé kan jáde tẹrùtẹrù, torí ọmọ rẹ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, tí itọ́ funfun bò ó lẹ́nu. Ó ní, "Ohun tó ń gbéni ṣánlẹ̀ ò gbọdọ̀ bá mi gbélé."

Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi fi ń gbé bí èkúté. Ó ń rán bàtà nínú yàrá, èmi ń tà á níta, wọ́n ń yìn mí.

Ni tíṣà tuntun bá dé sí kíláàsì ọmọ mi. Ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wọn ni bí èèyàn ṣe ń jẹ́ ọmọ ìlú rere, àti bá a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tí kò jọ wá. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́ náà kì í gbé inú ìwé nìkan. Ó ní kí ọmọ kan lọ kí ọmọ kejì nílé, ẹni tí èdè wọn tàbí ẹ̀sìn wọn ò jọra, kó wá sọ ohun rere kan tó rí níbẹ̀ fún kíláàsì.

Ara fu mí. Ta ló rán an? Àbí Bàbá Onílé ló fẹ́ fojú ọmọdé yẹ yàrá wa wò? Òun náà ṣáà ni alága àwọn òbí.

Mo ní fún ọmọ mi pé, "Kí ni wọ́n fẹ́ wá wò? Ṣé ọba ló ń gbé ibí ni?"

"Bàbá, gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ti gbàlejò. Tá a bá kọ̀, wọ́n á ní à ń fi nǹkan pamọ́."

Ta ló kọ́ ọmọdé nírú ọ̀rọ̀ yẹn? Mo gbà. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọmọbìnrin tí wọ́n pín fún wa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí omíyalé lé kúrò nílùú wọn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọrin. Olófòófó ni àdúgbò ń pè wọ́n. Ojú rẹ̀ tóbi, ó mọ́ roro. Nínú ọkàn mi, mo sọ ọ́ ní Ẹlẹ́yinjú. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ìyẹn gan-an tún dẹ́rù bà mí. Ojú rẹ̀ ń rìn: òrùlé, fèrèsé, ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn.

"Bàbá, kí ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Awọ bàtà. Ó ń rùn. Má débẹ̀."

Mo ti ti ilẹ̀kùn náà láti òde. Mo ti sọ fún àbúrò mi pé kó má tilẹ̀ wúkọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kúkú kú díẹ̀, kí n tún jí tí wọ́n bá lọ?"

Oníbàárà kan pè mí síta. Mi ò pẹ́. Nígbà tí mo padà wọlé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí gbayawu.

Àbúrò mi ti ṣubú. Gìrì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi í sílẹ̀ ni. Orí rẹ̀ wà lórí itan ọmọ mi. Ẹlẹ́yinjú ń fi etí aṣọ iléèwé rẹ̀ nu ẹnu àbúrò mi. Itọ́ yẹn wà lọ́wọ́ ọmọ náà! Mo fà á dìde.

Ọmọ mi ní, "A gbọ́ gbì. Ṣé ká máa wò ó ni?"

Ẹlẹ́yinjú ò sunkún. Ó ń wò mí. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ tì í mọ́bẹ̀?"

Mo bu omi fún un kó fọwọ́. Nígbà tí ara àbúrò mi balẹ̀, ó rí i pé okùn bàtà Ẹlẹ́yinjú ti já. "Bọ́ ọ wá," ló wí, ohùn rẹ̀ ṣì wúwo. Ó rán an. Ó sọ nǹkan kan, àwọn ọmọ méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń ṣọ́ wọn bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Mo sin Ẹlẹ́yinjú dé títì. "Ọmọ dáadáa, kí lo máa sọ ní kíláàsì? Sọ pé ilé wa mọ́. Sọ pé a fún ọ lómi tútù."

Ó mirí. Èwo ni orí mímì yẹn? Ṣé ó gbà, àbí ó kàn fẹ́ kí n fi òun sílẹ̀?

Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Mo lọ dúró lójú fèrèsé kíláàsì wọn bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Ta ni mo rí nínú kíláàsì náà? Bàbá Onílé. Àga ọmọdé ló jókòó lé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

"Tíṣà, àwọn òbí ń kùn. Ẹ̀kọ́ lẹ̀ ń kọ́ wọn ni, àbí iṣẹ́ amí?"

"Ẹ gbọ́ tẹnu wọn ná, Bàbá."

Ẹlẹ́yinjú dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí gbogbo wọn lè rí i. "Ohun rere tí mo rí: bàtà mi já, ọkùnrin tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn wọn bá mi rán an. Ó mọ bàtà rán ju gbogbo èèyàn lọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Onílé yí ọrùn, ojú wa sì ṣe mẹ́rin.

"Ṣúmékà! Ọkùnrin wo? Ta ló ń gbé nínú ilé mi tí mi ò mọ̀?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi: ọmọṣẹ́ ni, ó ti lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ kíláàsì ti kọjú sí mi, ọmọ tèmi wà láàárín wọn.

"Àbúrò mi ni."

"Èé ṣe tí mi ò fi rí i níta rí? Kí ló ń ṣe é?" Ó yíjú kúrò lára mi, ó nàka sí Ẹlẹ́yinjú. "Ìwọ, ó ṣubú lójú ẹ, àbí kò ṣubú?"

Ọmọ náà ò wò ó. Èmi ló ń wò. Títí di báyìí mi ò mọ ohun tó ń wá lójú mi.

"Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀," ni mo wí. "Èmi ni kẹ́ ẹ bi. Ọmọ ìyá mi ni. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sì ń bọ́ wa."

"Mo ní kí ló ń ṣe é!"

"Mo gbọ́ yín, Bàbá. Mi ò ní sọ ju ìyẹn lọ."