Àwọn Tó Ń Yan Atukọ̀ ní Samaru

Kí ni kí n fún un? Méjì? Mẹ́ta nínú mẹ́wàá? Abdulganiyu ti jáde, ó dúró sábẹ́ igi dongoyárò níta, àwa mẹ́ta sì jókòó síhìn-ín bí adájọ́, à ń yan àwọn tí ìjọba máa kọ́ ní iṣẹ́ ọkọ̀ òkun. Ní Zaria! Níbi tí eruku ọyẹ́ ti ń wọ ènìyàn létí... Orí ẹni tó ro èyí pé ṣá.

Ẹ wo Babárìndé, alága wa. Èkó ni wọ́n ti rán an wá, ó wọ ẹ̀wù funfun oníbọ́tìnnì wúrà bí ọ̀gá inú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ́fíìsì ló ń jókòó sí ní Àpápá. Ó ń jẹ kòsáì, àkàrà àwọn Hausa, epo ń kán sí i láyà. Atukọ̀! Alhaji Bẹ̀llò ní tiẹ̀ ń sùn, àfi tí tíì bá dé. Èmi? Wọ́n ní físíìsì tí mò ń kọ́ni ni wọ́n tìtorí ẹ̀ pè mí. Irọ́. Wọ́n kàn fẹ́ kí obìnrin kan wà níbẹ̀ ni.

Àwọn tó ń wọlé wá náà ńkọ́? Ọ̀kan ní aṣọ funfun ló wu òun. Òmíràn, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ní kó wá. Àwọn wọ̀nyí ni yóò gba ọkọ̀ lọ́wọ́ òyìnbó? Ó máa rì kó tó kúrò ní èbúté.

Abdulganiyu wá wọlé. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Hayin Dogo ní Samaru níbí, Yorùbá ẹ̀ ń kọsẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ń ṣubú. Babárìndé ní ṣé ó ti rí òkun rí.

“A'a, sà. Mi ò rí i rí.” Ó gbójú sókè. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tẹ́ ẹ bá wà láàárín ẹ̀, tẹ́ ò rí ilẹ̀ mọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tẹ́ ẹ wà?”

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Bẹ̀llò gan-an jí. “Wàá bi ẹja!” ni Babárìndé wí. Ọmọ náà sì rọra dìde, ó ní ẹ ṣeun sà, ẹ ṣeun mà.

Ìbéèrè òmùgọ̀...

Òmùgọ̀ kẹ̀? Oòrùn, ìràwọ̀, aago — gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ lọ kọ́ wọn, ṣebí ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn náà ni! Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló béèrè. Babárìndé ò mọ̀ ọ́n, ó wá ń fi ẹja bo ojú. Aláṣehàn.

Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí mi ò dá a lóhùn?

“Dókítà Ìpàdéọlá, òdo ni àbí?” Babárìndé ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ń wò mí.

Ní Manchester... èmi nìkan lobìnrin ní kíláàsì. Mo béèrè ọ̀rọ̀ kan, àwọn ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí tí mo fi jókòó. Títí dòní, mi ò lè fojú ire rántí wọn. Àbí kí ni mo ń sọ... Ta ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín níhìn-ín? Kì í ṣe Babárìndé. Ẹnu ẹ̀ kún fún kòsáì nígbà yẹn. Bẹ̀llò ń sùn.

Ohùn obìnrin ni.

Èmi ni.