Ojú Ìbítáyọ̀, Ẹnu Ṣóyẹmí

Èmi Ṣóyẹmí kì í ṣe ẹni tó rọrùn bá gbé. Ìyàwó mi sọ bẹ́ẹ̀ kó tó kú, àwọn ọmọ mi ń sọ ọ́ dòní, n kò sì bá wọn jiyàn. Bí mo bá ti pinnu pé báyìí ni nǹkan yẹ kó rí, báyìí náà ni kó rí. Irú orí kunkun bẹ́ẹ̀ dára fún àgbẹ̀ tó ń bá ilẹ̀ olókùúta jà. Nínú ìjọ Ọlọ́run, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá nǹkan jẹ́ kọjá àtúnṣe. N óò fi ẹnu ara mi sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà bá mi sọ ọ́.

Nígbà tí mò ń wí yìí, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ sétí rárá. Oníwàásù kò lè gba ẹnubodè kọjá, àwọn ìjòyè ní Ìjẹ̀bú-Òde kò fẹ́ rí ìwé àlejò lójú. Síbẹ̀, àwa mẹ́jọ wà ní Ìmùṣin tí a ti gbọ́, tí a sì ti gbà, ọkùnrin márùn-ún, obìnrin mẹ́ta. Ẹ̀yìnkùlé mi la ti ń pàdé lọ́jọ́ Àìkú, lábẹ́ igi ìyeyè. A kì í kọrin sókè. Àwọn obìnrin a gbé igbá ẹ̀gúsí lé orúnkún, wọn a máa bó o, kí ẹni tó bá yọjú lè rò pé iṣẹ́ ilé la kóra jọ sí. Láàárín ọdún méjì, a bó ẹ̀gúsí tó pọ̀ ju èyí tí gbogbo àdúgbò lè jẹ lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀wé nínú wa, Ìbítáyọ̀ ni. Ogun ló kó o lọ nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n gbé e gba orí òkun dé Sàró, ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti ṣe ìrìbọmi. Nígbà tó ń sún mọ́ ogójì ọdún, ó gba ọ̀nà Èkó padà wá bá ìyá rẹ̀ ní Ìmùṣin. Àwọn oníbodè kò lè lé e padà, nítorí ọmọ ìlú ni. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ó fi ìwé ìhìnrere kan, tí wọ́n tẹ̀ ní èdè wa, sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n iyọ̀ tó rù. Iyọ̀ náà ti wọ inú ìwé ọ̀hún. Bí òjò bá ṣú, ṣe ni ewé rẹ̀ máa ń rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, Ìbítáyọ̀ a sì sá a sí ẹ̀bá iná bí ẹja.

Ẹ ó ní ṣebí òun ló yẹ kó máa kà á fún wa. Èmi ni mo ní rárá. Mo ní obìnrin kò lè dìde níwájú àgbà ọkùnrin kó máa sọ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ fún wọn. Nílùú wa, ọkùnrin ló ń ṣọ́ ohun tó bá jinlẹ̀. Bí Orò bá jáde, obìnrin a wọlé, wọn a tilẹ̀kùn mọ́rí, títí Orò yóò fi wọlé. Kí wá ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fi kéré sí Orò? Báyìí ni mo ṣe rò ó, ó sì dá mi lójú gbangba. Èmi àti òun wá fẹnu kò pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Ìbítáyọ̀ yóò ka orí kan fún mi. N óò gbà á sórí, nígbà tó bá di ọjọ́ Àìkú, n óò sọ ọ́ fún ìjọ. Iyè mi jí dáadáa, ọ̀rọ̀ kì í bọ́ lọ́wọ́ mi. N óò gbé ìwé náà lé orúnkún, n óò máa wò ó bí ẹni tó mọ ohun tó ń wò, kí àwọn yòókù lè rò pé èmi náà mọ̀wé.

Ìbítáyọ̀ kò bá mi jà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n ṣáà ti gbọ́ ọ." Ó bá fa igbá ẹ̀gúsí mọ́ra.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́ títí a fi dé ibi tí Olúwa ti jíǹde. Ìbítáyọ̀ kà á fún mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan pé àwọn obìnrin ló kó òórùn dídùn dání lọ síbi ibojì ní kùtùkùtù, pé àwọn ni áńgẹ́lì bá sọ̀rọ̀, pé àwọn ló sáré wá sọ fún àwọn ọkùnrin, àti pé àwọn ọkùnrin ní wọ́n ń sọ ìsọkúsọ. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà, kò yàtọ̀. Inú bí mi. Áńgẹ́lì ń bọ̀ láti ọ̀run, kò wá rí ọkùnrin kan bá sọ̀rọ̀?

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìtàn dé ibẹ̀, mo ní ọkùnrin mẹ́ta kan ló lọ síbi ibojì. Ọwọ́ Ìbítáyọ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí. Ó dúró títí àwọn ènìyàn fi túká. Ó wá sún mọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ àwọn obìnrin náà kúrò."

Mo ní, "Mo tún un ṣe ni."

Ó mi orí, ó gba ìwé rẹ̀, ó lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkigbà tí mo bá tún ìtàn yẹn sọ, ọkùnrin mẹ́ta ni. Ó pẹ́ títí, ó di òótọ́ lẹ́nu mi.

Bàbá Fálẹ́yẹ ló fẹ́ràn ìtàn náà jù. Òun ló dàgbà jù nínú wa, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, igi gígé ló sì ń ṣe títí agbára fi tán. Ó máa ń ní kí n tún un sọ, a sì máa mi orí bí mo bá ti dé ibi tí wọ́n ti yí òkúta kúrò. Òun nìkan ló ń wá. Ìyàwó rẹ̀, Ọ̀ṣuntóyìn, tí àwa ń pè ní Ìyá, kò tẹ̀ lé e wá rí, èmi náà kò sì bi í léèrè.

Ní ọdún kejì ìpàdé wa, àgbà ìjòyè kan kú nílùú, wọ́n sì kéde pé Orò yóò jáde fún ọjọ́ mẹ́ta, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo obìnrin wọlé. Lọ́jọ́ kejì, bí oòrùn ṣe ń mú, Ifádárà, ọ̀kan nínú wa, wá bá mi lóko.

"Bàbá Fálẹ́yẹ kò ní pẹ́ lọ mọ́," ló wí. "Wọ́n ní kí o wá ka ibi àjíǹde fún àwọn. Wọ́n ní kí o má sọ ọ́ látorí, kí o kà á bó ṣe wà nínú ìwé."

Ìwé wà lọ́wọ́ Ìbítáyọ̀, Ìbítáyọ̀ kò sì lè yọjú síta. Bó bá tilẹ̀ fún mi ní ìwé náà, kí ni n óò fi í ṣe?

Mo lọ dúró sẹ́yìn ògiri ilé ìyá rẹ̀, níbi tí ihò fèrèsé kékeré kan wà tí wọ́n fi ẹní dí. Mo pè é. Mo ṣàlàyé. Ó ní, "Ẹ dúró." Mo gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé. Ó kà á fún mi díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn ẹní, èmi náà ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo ti mú apá kan dáadáa, mo dì í mẹ́nu, mo forí lé ilé Bàbá Fálẹ́yẹ.

Àgbàlagbà náà wà lórí ẹní, ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́. Mo jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ nípa kùtùkùtù òwúrọ̀, mo sọ nípa òórùn dídùn. Ẹnu mi ti mọ ọ̀nà tó máa ń gbà, mo ní, "Ọkùnrin mẹ́ta kan sì lọ síbi ibojì."

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "Dúró níbẹ̀. Torí ibẹ̀ ni mo ṣe ránṣẹ́ pè ọ́."

"Kí ló dé, bàbá?"

"Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ sọ pé ọkùnrin ni wọ́n, ni mo ti mọ̀ pé bíi ti Orò ni ìgbàgbọ́ yìí, ohun ọkùnrin ni. Mo ní àwọn tó ń bó ẹ̀gúsí, ìbòjú lásán ni wọ́n jẹ́ fún wa. Ọ̀ṣuntóyìn bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí n mú òun wá. Mo ní kò sáyè fún un." Ó sinmi díẹ̀. "Ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo ti fẹ́ ẹ. Mo ń lọ báyìí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo fi í sí. Wo inú ìwé náà dáadáa, Ṣóyẹmí. Ṣé kò síbì kankan, ibì kan péré, tí ilẹ̀kùn ti ṣí fún obìnrin?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó, bàbá." Mo dìde, mo jáde. Ojú tì mí débi pé n kò lè kí Ifádárà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí mo padà dé ẹ̀yìn ògiri, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìbítáyọ̀. Mo rò pé yóò bú mi, ì bá sì tọ́.

"Ṣé kí n tún un kà, ẹ̀gbọ́n?"

"Kà á. Bó ṣe wà gan-an ni kí o kà á."

Ó kà á. Mo ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e, nígbà tí mo dé ibi àwọn obìnrin, ẹnu mi tún fẹ́ sọ ọkùnrin mẹ́ta. Ó dúró dè mí. Nígbà tó yá, mo sọ ọ́.

"Ẹ tètè máa lọ," ló wí. "Bó bá ṣe pé mo lè jáde ni, ǹ bá ti débẹ̀."

Mo sáré. Ẹni àádọ́ta ọdún ni mí nígbà náà, n kò sáré bẹ́ẹ̀ láti ìgbà èwe mi. Àwọn ọlọ́rò pàdé mi ní oríta, wọ́n bi mí pé kí ló ń lé mi. Mo ní Bàbá Fálẹ́yẹ ń lọ, wọ́n sì yà fún mi.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, obìnrin ni wọ́n. Obìnrin ló kọ́kọ́ débẹ̀, obìnrin ni áńgẹ́lì bá sọ̀rọ̀, àwọn náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà wá fún àwọn ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà látilẹ̀wá. Èmi ni mo yọ wọ́n kúrò. N kò mọ̀wé, bàbá, Ìbítáyọ̀ ló ń kà á fún mi. Ẹ dárí jì mí."

Ó wò mí títí. Ó ní, "O gba odindi ọdún kan lọ́wọ́ ìyàwó mi."

Kò sí ẹni tó bú mi rí tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ó yí orí sí ọ̀nà yàrá kejì. "Ọ̀ṣuntóyìn!"

Ìyá jáde wá, ó ń fi ìdí ìró nu ọwọ́. Bàbá ní kó jókòó. Ó ní, "Ṣóyẹmí, tún un sọ. Òun ni kí o sọ ọ́ fún."

Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò yọ ẹyọ kan, n kò fi ẹyọ kan kún un. Ìyá tẹ́tí sílẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Àwọn ọkùnrin náà kò wá gbà wọ́n gbọ́?"

"Wọn kò gbà wọ́n gbọ́, ìyá."

Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wò mí. "Mo mọ irú wọn," ló wí.

Bàbá Fálẹ́yẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. Ìyá gbé orí rẹ̀ lé itan. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì tún un sọ, ọwọ́ àwọn méjèèjì wà nínú ara wọn. Ọjọ́ kejì, tí Orò ń wọlé lọ, ni bàbá sùn.

Opó kò gbọdọ̀ jáde títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, nítorí náà a gbé ìpàdé wa lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Ọ̀ṣuntóyìn. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́, mo gbé ìwé náà lé Ìbítáyọ̀ lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Àwọn ọkùnrin wo ara wọn, kò sẹ́ni tó sọ pé rárá. Ìbítáyọ̀ dìde dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tó dé ibi àwọn obìnrin, ó wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Mo ní, "Máa kà á lọ."

Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí, mò ń ṣọ́nà fún wọn. Igbá ẹ̀gúsí wà lórí orúnkún mi, níbi tí mo ti máa ń gbé ìwé lé.