Bàálù Bàbá Aránmú

Aránmú ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá mi, nítorí imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Rédíò ló ń tún ṣe. Àwọn oníbàárà a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé rédíò kan ṣoṣo tí kò rí tún ṣe ni imú ara rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ló fi kan bàálù kékeré kan tí a ń fi rìmóòtù darí. Igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fi ṣe é. Màmá mi ló rán aṣọ tó bo ìyẹ́ rẹ̀. Lọ́dún kẹta, ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní kò ní pẹ́ tí kò fi ní ríran mọ́. Bàbá ò bá a jiyàn.

Ó kàn ní, "Kí n ṣáà rí i lókè lẹ́ẹ̀kan."

Ọdún mẹ́tàlélógún rèé, bí mo bá rí pápá tó ṣófo, ọkàn mi ṣì ń fà sí Sátidé tí a gbé e lọ sí pápá ilé-ìwé. Ó ní kí èmi darí rẹ̀, kí òun lè máa wò ó. Ara mi ti ń yá gágá. Èmi àti sùúrù ò mọra títí dòní.

"Bàbá, bátìrì rìmóòtù ńkọ́?"

"Ó ti kú."

Mo gbọ́ "Ó ti kún." Kú àti kún, ọ̀kan náà ni lẹ́nu bàbá mi. Òun ń fọwọ́ wá bátìrì mìíràn nínú àpótí irinṣẹ́, èmi ti ju bàálù sókè.

Ìwọ̀nba agbára tó ṣẹ́ kù nínú rìmóòtù ni mo fi darí rẹ̀ yí pápá po lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rín gba ẹnu mi.

"Ẹ wò ó, Bàbá, lápá ọ̀tún!"

Ó gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Apá òsì ló kọjú sí.

Kí n tó bi í léèrè, rìmóòtù ò gbọ́ tèmi mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbọ̀n ọ́n, mo bú u. Bàálù dorí kodò, ó forí sọ ògiri kíláàsì, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Mo kúnlẹ̀, mo bú sẹ́kún. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ìkánjú mi ló fà á."

"Ṣebí ohun tó bàjẹ́ ló ń bọ́ wa nílé," ó wí. Ọwọ́ rẹ̀ wá èjìká mi díẹ̀ kí ó tó bà á. "Jókòó. Sọ bó ṣe gòkè fún mi."

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ojú náà ti lọ. Kò kàn sọ fún wa ni. Ó dùn mí wọ eegun. Mo jókòó, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tó ti fẹ́ já bọ́, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Dúró níbẹ̀," ni bàbá mi wí. "Padà síbi tó ti ń yí."