Káńtà tí kò lópin

Ìyá Dérìn, má tíì dìde. Oorun tí mo sùn yìí kò jọ ìsinmi rárá.

Lójú àlá, mo wà nínú eré tẹlifíṣọ̀n wa ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, níbi tí mo ti ń ṣe Fíránkì tó ń ta bíà láti ogún ọdún sẹ́yìn. Mò ń nu káńtà, tábìlì gígùn tí a ti ń ta ọtí, mi ò sì rí òpin rẹ̀. Ó gba inú ògiri kọjá, ó gba ojú títì, ó wọ inú tíátà tí mo ti máa ń ṣe ọba kí n tó bọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Mo dé adé, àkísà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe ní kí n sọ̀rọ̀ ọba, gbogbo àwọn tó wá wòran dìde, wọ́n tò síwájú káńtà, wọ́n ń béèrè bíà. Mò ń dà á, mò ń nu káńtà, apá ń ro mí, adé ń sọ̀ kalẹ̀ bò mí lójú.

Mo gbójú sókè, màmá mi ló kàn, nínú ẹ̀wù tí a fi sin wọ́n.

Wọ́n ní, “Fíránkì, bu omi fún mi.”

Mo ní, “Màámi, èmi Àkànní yín ni.”

Wọ́n wò mí bí ẹni wo oníbíà. “Fíránkì, òùngbẹ ń gbẹ mí.”

Ó ti rẹ̀ mí. Mo tẹrí ba bí Fíránkì ṣe máa ń ṣe, mo ní, “Ó ń bọ̀, màdáámù.” Inú wọn dùn. Mò ń nu ibi tí wọ́n máa gbé ife lé nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ tí o ní, “Bàbá Dérìn, kí ló dé?” Mo lajú, ẹ̀yìn rẹ ni mò ń nu.