Ẹni Tó Ní Kí Wọ́n Pa Iná

Bàbá Agogo parọ́ mọ́ obìnrin kan nílé iṣẹ́ àbẹ́là ìjọ Àgùdà, irọ́ náà sì ti pẹ́ débi pé àwọn tó gbọ́ ọ ti fi kọ́ ọmọ wọn lọ́gbọ́n. Obìnrin náà, Ìyá Alábẹ́là, ni olórí ibẹ̀ nígbà náà. Lọ́jọ́ kan Fadá ránṣẹ́ pè é; bó ṣe ń jáde lọ, ó sọ fún Bàbá Agogo lẹ́nu ọ̀nà, àwọn méjèèjì nìkan, pé: "Ẹ pa iná abẹ́ ìda kẹ́ ẹ tó lu agogo àdúrà ọ̀sán." Bàbá lu agogo, kò pa iná. Òfin ibẹ̀ sì ni pé ẹni tó bá ti gbọ́ agogo, tó sì kúnlẹ̀ fún àdúrà Ìyá Olúwa, kò gbọdọ̀ dìde títí àdúrà yóò fi parí. Ìda hó títí ó fi gbiná, ó sì jó ọ̀dọ́mọkùnrin tó kúnlẹ̀ sídìí ìkòkò. Bàbá ní obìnrin náà ló ní kí wọ́n fi iná sílẹ̀. Fadá ìgbà náà kò bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì, torí ohun tó ti ń wù ú láti gbọ́ ni. Wọ́n dá Ìyá Alábẹ́là padà sídìí òwú àbẹ́là gígé.

Fadá tuntun ló wá fi í ṣe olórí padà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Alábẹ́là kọ́kọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ náà, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó wo àwọn ìkòkò yíká. Ẹni tí iná jó lọ́jọ́sí ló wà nídìí ìkòkò ńlá. Ọlọ́wọ́-òsì ni wọ́n ń pè é báyìí.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Bàbá Agogo di okùn agogo mú lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Alábẹ́là rí i pé ìda ti ń rú èéfín.

"Àbúrò mi, pa iná yẹn."

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin ná," ni Ọlọ́wọ́-òsì wí. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. "Ṣebí Pọ́ọ̀lù mímọ́ ló ní kí obìnrin má ṣolórí ọkùnrin."

"Fadá ti dá ẹ lóhùn lọ́jọ́ Ìsinmi. Oyè àlùfáà ni ìjọ ò fún àwa obìnrin. Ta ló ní kí n má pàṣẹ nídìí ìkòkò?"

"Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ pàṣẹ, ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù." Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, àwọn ìka tó ti lẹ̀ mọ́ra. Ó fi ara dí ibi tí wọ́n ti ń yí gáàsì iná náà pa.

Ìyá Alábẹ́là kò lè tì í: bí ìkòkò bá dojú dé, gbogbo wọn ló gbé. Èéfín ti ń dúdú. Àwọn tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ó kọjú sí ẹni tó di okùn mú. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń tọrọ omi lọ. "Bàbá, ẹ̀yin nìkan ló lè mú un kúrò níbẹ̀. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀, kó tó jó lẹ́ẹ̀kejì."

Bàbá yíjú sí Ọlọ́wọ́-òsì. "Ọmọ mi, pa á."

"Ẹ̀yin náà, Bàbá? Ẹ ti ń gbàṣẹ lọ́wọ́ màmá?"

Bàbá Agogo jọ̀wọ́ okùn.

"Màmá ní kí n pa iná lọ́jọ́sí. Èmi ni mi ò pa á."

Ọwọ́ òsì yí gáàsì pa. Ojú ọkùnrin náà kò kúrò lára bàbá.

"Mo ní obìnrin ò lè rán mi níṣẹ́," ni bàbá wí. "Nígbà tí iná wá jó ẹ, mo parọ́ mọ́ ọn. Ohun tó ṣe ọwọ́ ẹ yẹn, èmi ni."