Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ Bàbá Ọbayẹmí

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí Kúnbi ti ń tún éésì ọkọ̀ ṣe ní Lugbe, síbẹ̀ àwọn oníbàárà tuntun ṣì máa ń bi í pé, "Ọ̀gá yín ńkọ́?" Á ní, "Èmi rèé." Àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín, wọn á jókòó. Bàbá Ọbayẹmí ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Kàbbà ni bàbá náà bíi ti Kúnbi, òun sì ni alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ní Àbújá. Nínú oṣù kẹta ọdún 2016 ló wa Kámírì rẹ̀ tó ti lo ọdún méjìdínlógún dé, tí inú rẹ̀ gbóná bí ààrò.

Kúnbi yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ń ti gáàsì káàkiri ló ti kú.

"Bàbá, ojúlówó ni èyí, òun ló bá ọkọ̀ wá. Ẹ jẹ́ kí n tú u, kí n pààrọ̀ bẹ́ríǹ àti rọ́bà inú rẹ̀, kí n tò ó padà. Àwọn tí wọ́n ń pè ní tuntun báyìí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún wọn."

"Tuntun ni mo fẹ́. Mi ò gbọ́ ọ rí kí obìnrin tú irú ẹ̀ kó sì tún ṣiṣẹ́."

Bàbá wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì bàbá gbé páálí kan dé. "Mo ti rà á. Dè é mọ́ ọn."

Ara fu Kúnbi. Ó fi ẹnu sípánà ha ara kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ inú páálí náà. Ọ̀dà rẹ̀ bó sílẹ̀, ìpẹtà hàn lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ojú ibi tí wọ́n ti jó irin rẹ̀ pọ̀.

"Àlòkù tí wọ́n kùn lọ́dà ni wọ́n tà fún yín, bàbá."

Ó rò pé ẹni tó tà á ni bàbá máa bínú sí. Bàbá bá na ìka sí i lójú. "Ta ló ní kó o ha á? Ta ló máa gbà á padà lọ́wọ́ mi báyìí? O ti bà á jẹ́!"

Kí Kúnbi tó fèsì, bàbá ti fa fóònù yọ, ó ti pe Adéjùwọ́n, ọkọ Kúnbi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Idu, ó sì tẹ fóònù náà sí sípíkà. "Bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀ o. Ó ń ṣe orí kunkun sí mi."

Kúnbi dúró kí ọkọ òun béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ni Adéjùwọ́n wí. "Ó máa dè é fún yín báyìí. Mọ́mì Ayọ̀, jọ̀ọ́, ṣe ohun tí bàbá bá ní kó o ṣe."

Ọkọ̀ tí Adéjùwọ́n fúnra rẹ̀ ń gbé lọ síbi iṣẹ́, Kúnbi ló tú éésì rẹ̀, tó tún un tò! Ó gbé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ náà padà sínú páálí, ó jù ú sí búùtù, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé gbàgà.

"Ẹ máa gbé e lọ, bàbá. Adéjùwọ́n á wá bá yín dè é."

"Màá fi ẹjọ́ rẹ sun ẹgbẹ́!"

"Ẹ fi sùn!"

Nírọ̀lẹ́, Adéjùwọ́n wọlé pẹ̀lú ojú ẹ̀bẹ̀. "Àgbà ni. Kí lo fẹ́ kí n sọ fún un?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ni Kúnbi ń pè é. Kò pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Kí o bi mí léèrè ni mo fẹ́! 'Kúnbi, kí ló ṣẹlẹ̀?' Ṣé ìyẹn náà wúwo lẹ́nu rẹ ni, Adéjùwọ́n?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni Kúnbi ò fi wọ ọkọ̀ Adéjùwọ́n; takisí ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá rojọ́ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ lóòótọ́, lójú Kúnbi àti ọkọ rẹ̀. Kó tó rò ó tán, Adéjùwọ́n dìde. Ohùn rẹ̀ ò le, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́ ọ. "Ìyàwó mi ló mọ iṣẹ́ yẹn, sà. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, mo kàn la ẹnu sọ̀rọ̀ ni. Ohun tó sọ fún yín náà ni kẹ́ ẹ ṣe."

Bàbá pòṣé, ó ní kí wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Kúnbi ò wo ojú ọkọ rẹ̀. Inú ṣì ń bí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpàdé tú, kò wọ takisí bó ṣe pinnu láti ilé; ọkọ̀ Adéjùwọ́n ló wọ̀.